Ṣímínì Tí Kò Mí: Ọ̀rọ̀ Lórí Èéfín Ààrò Búrẹ́dì àti Ààrò Ẹja



Ohun tó mú wa sọ̀rọ̀ èéfín lóṣù yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé búrẹ́dì kan ní àdúgbò wa, kò jìnnà sí Benson ní Ìkòròdú níbí. Òjò rọ̀ ní òru ọjọ́ náà, òtútù sì mú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tó ń po ìyẹ̀fun níbẹ̀ parí iṣẹ́ ní nǹkan bí aago méjìlá òru. Wọ́n fẹ́ kí ooru ààrò pẹ́ títí di àárọ̀, kí igi tí wọn yóò fi tún iná dá má baà pọ̀. Wọ́n ti irin tó wà nínú ṣímínì pa pátápátá, wọ́n pa fèrèsé dé nítorí òjò, wọ́n sì tẹ́ ẹní wọn síwájú ààrò níbi tó ti móoru.

Bàbá kan wà ládùúgbò tó máa ń kan ilẹ̀kùn wọn kí wọ́n lè dìde kí ìrun Àsùbá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, bàbá kàn títí, kò sí ẹni tó dáhùn. Ìgbà tí wọ́n máa já ilẹ̀kùn, méjì nínú wọn ń bì, orí wọn wúwo bí ẹni tó ru àpò símẹ́ńtì, ẹsẹ̀ kò sì gbé wọn. Ẹnì kẹta kò dìde rárá. Wọ́n gbé wọn síta sínú afẹ́fẹ́, wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi ọ́síjìn sí wọn nímú. Alhamdulillah, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàyè. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ará àdúgbò ti ní oríṣiríṣi àlàyé. Àwọn kan ní wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ wọn. Àwọn kan ní ibà ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Dókítà bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ibo lẹ sùn sí, iná wà níbẹ̀ àbí kò sí?” Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ṣímínì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ, ìdí nìyẹn tí èéfín fi ń gòkè. Bí a bá kọ́ ihò gígùn lé ààrò lórí, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún inú rẹ̀ yóò máa lọ sókè. Bó ti ń lọ ni afẹ́fẹ́ tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé láti rọ́pò rẹ̀, òun ló sì ń fẹ́ iná. Èyí ni àwọn bíríkìlà ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní ṣímínì “ń fà”. Bí ṣímínì bá ga, tí inú rẹ̀ sì gbóná, yóò fà dáadáa. Bí ó bá kúrú tàbí tó tutù, èéfín yóò padà sínú ilé. Ìdí nìyẹn tí ààrò fi máa ń rú èéfín sí wa lójú tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná, pàápàá lásìkò òjò: inú ṣímínì kò tíì gbóná.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ihò bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe fà tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Thompson, tí wọ́n fi oyè Count Rumford dá lọ́lá, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní London ní 1796. Ó rí i pé èéfín ń kún inú ilé àwọn èèyàn nítorí pé ọ̀fun ṣímínì wọn fẹ̀ jù. Nígbà tó dín ọ̀fun náà kù, èéfín gbọ̀nà òkè lọ tààrà. Mo ti rí ṣímínì búlọ́ọ̀kù ní Ìkòròdú tí ọmọdé lè wọ inú rẹ̀, tí kò sì fa nǹkan kan. Àfẹ́fẹ̀jù ni.

Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ṣímínì tó ń fà jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Igi á máa jó bí ìwé, ooru tó yẹ kó mú búrẹ́dì jinná á bá ṣímínì lọ sójú sánmà, owó igi á sì máa gòkè. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ohun tí àwọn wẹ́dà ń pè ní dámpà sílẹ̀. Kò le rárá. Irin pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n gé róbótó bí inú páìpù ṣe rí. Wọ́n fi ọ̀pá irin kan gbá a láàárín, orí ọ̀pá náà yọ síta kí ọwọ́ lè máa dá a yí. Bí irin yẹn bá nàró, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ọ̀nà dí. Nínú ṣímínì búlọ́ọ̀kù, èyí tó ń wọ́ wọlé wọ́ jáde bí dúrọ́ọ̀ tábìlì ni wọ́n sábà máa ń lò.

Nílùú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń fi epo tàbí gáàsì mú ilé móoru, oríṣi kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Ilẹ̀kùn kékeré ni, tí wọ́n so ìwọ̀n irin mọ́, ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín ni wọ́n ń fi sí. Bí ṣímínì bá ń fà jù nítorí atẹ́gùn, ilẹ̀kùn náà á ṣí fúnra rẹ̀, á gba afẹ́fẹ́ inú yàrá díẹ̀ sínú páìpù, ìfà tó ń bá iná á sì dínkù. Bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, á padé. Àwọn mìíràn ń lo fáànù láti fa èéfín jáde. Àwa ò nílò gbogbo ìyẹn fún ààrò igi. Dámpà ọlọ́wọ́ ti tó, bí ẹni tó ń dá a yí bá mọ ohun tó ń ṣe.

Ibi tí àwọn ọmọ wa wọ̀nyẹn ti ṣìnà rèé. Ààrò ní ẹnu méjì: ẹnu ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, àti ẹnu òkè tí èéfín ń gbà jáde. Bí a bá fẹ́ kí iná rẹlẹ̀, ẹnu ìsàlẹ̀ ni ká kọ́kọ́ dínkù. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó yóò rọra máa kú lọ, ìwọ̀nba èéfín tó bá sì rú yóò rí ọ̀nà òkè bá lọ. Ẹni tó bá ti òkè pa nígbà tí ẹyin iná ṣì pupa nísàlẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó fún ẹni tó ń sáré nímú. Ohun tí iná ń mí síta kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju ẹnu ààrò lọ, ẹnu ààrò sì rèé, inú yàrá tí àwọn ọmọ sùn sí ló kọjú sí.

Ohun tó jáde yẹn kì í ṣe èéfín tí ojú ń rí. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í sì í mú ni wúkọ́. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ló máa ń pọ̀ lára rẹ̀ jù, ẹyin èédú tó sì pupa rẹ̀rẹ̀ tí kò rú èéfín mọ́ ló ń tan ènìyàn jù, nítorí a ó rò pé ewu ti kúrò. Bí a bá fà á símú, á wọnú ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun pupa kan wà tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Gáàsì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ohun pupa náà ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ọ́síjìn dání. Ọpọlọ àti ọkàn ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀ àti ojú tó ń ṣú. Ẹ ò rí i pé àmì ibà náà nìyẹn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ra oògùn ibà lò, tí wọn yóò sì tún padà lọ sùn síbi kan náà. Ọ̀nà tí a fi lè fura rèé: ibà kì í mú gbogbo ilé lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá, tí ó sì ń fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá jáde síta, kì í ṣe ẹ̀fọn ló fà á. Ẹ gbé ẹni náà síta, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé iná wà nínú yàrá. Ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì yìí wà, ọ́síjìn ló ń lé e jáde. Aboyún ni kí ẹ tètè gbé jù, kódà bí ara rẹ̀ bá yá, nítorí ọmọ inú rẹ̀ lè fara gbọgbẹ́ ju ìyá lọ.

Àwa Mùsùlùmí kọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, a rí i kà pé ilé kan jó mọ́ àwọn ará ilé náà lórí lóru ní Mẹdínà, tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì pàṣẹ pé kí a máa pa iná kí a tó sùn, nítorí ọ̀tá ni iná jẹ́ fún wa. Pípa iná kì í ṣe títi dámpà. Kí ẹyin iná kú pátápátá ni, tàbí kí ènìyàn má sùn síbẹ̀.

Ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ẹni tó bá ti dé ọjà Olúwo mọ ohun tí ẹja jẹ́ fún àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Mo lọ kí ìyá kan níbẹ̀ tó ti ń yan ẹja láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì ló fi ń yan án, wáyà lórí rẹ̀, páálí tàbí páánù ló ń fi bò ó. Abẹ́ àtíbàbà ni, ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, wọ́n á gbé e wọ inú ilé ìdáná. Ojú ìyá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó pọ̀n sẹ́yìn ń wúkọ́, ó sì ní òtútù ló mú un. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí kúrò níbi èéfín.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, èéfín yẹn gan-an ni adùn ẹja. Bí kò bá sí èéfín, ta ni yóò rà á?”

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n ooru ló ń gbẹ ẹja, kì í ṣe èéfín. Èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìwọ̀nba ìgbà ti tó láti fún un ní àwọ̀ àti òórùn. Èéfín dúdú tó ń ṣú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti òróró ẹja tó ń kán sórí iná, ni wọ́n ń bí àwọn èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni benzo(a)pyrene, tí àjọ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ti kà mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn náà. Àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù kì í gba ẹja yíyan tí èròjà yìí bá ju máíkúrógíráàmù 2 lọ nínú kílò kan; ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2014 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀, 5 ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè òkun, ẹ gbọ́ o.

Ní ti ọmọ ẹ̀yìn ìyá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní 2020, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn sì lé ní 237,000. Òtútù àyà ni orúkọ tí a máa ń pe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nílé, ẹ̀bi náà á sì bọ́ sọ́rùn omi tútù àti fáànù.

Àwọn obìnrin bíi ti ìyá yìí kan náà ni wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i nílẹ̀ wa. Ní Chorkor, abúlé apẹja kan ní Accra, àwọn obìnrin ibẹ̀, àwọn onímọ̀ oúnjẹ Ghana àti àjọ FAO jọ ṣe ààrò kan ní nǹkan bí 1970. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, atẹ onígi olókùn wáyà ni wọ́n ń tò lé ara wọn lórí rẹ̀, ó lè tó 10 sí 15. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn atẹ tí wọ́n tò yẹn fúnra wọn di ṣímínì: ooru àti èéfín gba àárín ẹja lọ sókè dípò kó máa fẹ́ sí obìnrin lójú. Igi tí ó ń jẹ sì dínkù gan-an. Àbùkù rẹ̀ ni pé òróró ẹja ṣì ń kán sínú iná. Láti 2008 ni FAO àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹja ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ti ṣe àtúnṣe sí i: wọ́n fi irin kan sáàárín tó ń gba òróró náà síta, wọ́n sì ya iná tó ń gbẹ ẹja sọ́tọ̀ kúrò lára èéfín tó ń fún un ládùn. Ní Èkó tiwa náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí òkun, NIOMR, ní Victoria Island, ti ṣe ààrò ẹja onírin tiwọn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin lè jọ dá owó ra ọ̀kan, torí kì í ṣe owó ẹnì kan.

Ẹni tí kò tíì lágbára ìyẹn lè ní kí wẹ́dà ṣe ìbòrí irin sórí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, kó fi páìpù sí i tí yóò yọ kọjá òrùlé, kó sì gé ẹnu afẹ́fẹ́ tó ní ilẹ̀kùn sísàlẹ̀. Kí dámpà wà nínú páìpù. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún wẹ́dà ni pé kó gé ìdá kan nínú mẹ́rin irin dámpà náà kúrò kó tó fi sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ tì í pátápátá pẹ̀lú oorun lójú, àyè ṣì wà tí gáàsì yóò gbà jáde. Àwọn wẹ́dà kan máa ń jiyàn pé iṣẹ́ wọn ò ní dára lójú bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Gíga páìpù náà ṣe pàtàkì. Òṣùwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé Amẹ́ríkà ń lò ni pé kó fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ga ju ibi tó ti yọ lára òrùlé, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn tó bá kọlu ògiri alájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò dá èéfín padà sísàlẹ̀. Kí fìlà páánù wà lórí rẹ̀ nítorí òjò, ṣùgbọ́n kí fìlà náà má jókòó lé ẹnu páìpù. Ẹ sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo inú rẹ̀. Ẹ̀gbin dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọn nínú máa ń dín ihò náà kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gbiná lọ́jọ́ kan.

Kí ẹ tó dáná, ẹ dán ṣímínì wò. Tùràrí tí a ń fín sílé ti tó. Ẹ ṣí dámpà, ẹ gbé tùràrí tó ń rú sẹ́nu ààrò. Bí èéfín rẹ̀ bá wọnú lọ, ṣímínì ń mí. Bí ó bá dúró tàbí tó padà sí yín lójú, nǹkan ti dí i, ó lè jẹ́ ìtẹ́ ẹyẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn tutù ni, ẹ jó ìwé díẹ̀ nísàlẹ̀ kó lè móoru.

Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Mo mọ mọ́sálááṣí kan tí àwọn tó ń kírun Ìṣáì níbẹ̀ kì í lè ṣí fèrèsé apá ọ̀tún nítorí ilé búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ló ni ín. Láti ayé ìmáàmù Màlíkì, tí a ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ nílẹ̀ yìí, ni àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti ń sọ̀rọ̀ lórí èéfín ààrò àti ti ilé ìwẹ̀ tó ń ni aládùúgbò lára, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá onítọ̀hún sọ ọ́. Bí kò bá gbọ́, LASEPA ni àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ṣe rò pé páìpù gíga ló ń yanjú gbogbo èéfín. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀, bí ó ti wù kí ṣímínì rẹ̀ ga tó, òjé ló wà nínú rẹ̀, yóò sì padà bọ́ sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ìyẹn nílò ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní England, ẹ bi wọ́n bóyá lánlọ́ọ̀dù wọn ń mú oníṣẹ́ gáàsì tó ní ìwé àṣẹ wá lọ́dọọdún. Òfin ni fún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2022, ó tún gbọ́dọ̀ fi aago tó ń ké bí gáàsì yìí bá jáde sí yàrá tí ẹ̀rọ amúléwọ́ọ́rọ́ bá wà. Nílé níbí, jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yẹn jù, èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan náà, kò sì sí dámpà tó ń wò ó sàn. Ìta gbangba ni ibùjókòó rẹ̀, jìnnà sí fèrèsé.

Ilé búrẹ́dì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti ṣe àtúnṣe. Wọ́n gé dámpà náà, wọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ yọ síta ògiri, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun sàmì ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Yàrá mìíràn ni àwọn ọmọ ń sùn báyìí. Ọmọ kẹta, èyí tí kò dìde lọ́jọ́ yẹn, ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun ló ń fi tùràrí dán ṣímínì wò ní ìrọ̀lẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é.